Epo pupa lórí àdìrẹ mi: ohun tí ojú mi rí lọ́dọ̀ oníwébíìlì kan ní Kútọ̀

Ó ti lé ní ọdún 2 tí mo ti ń fi ẹrù ránṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn oníwébíìlì kan lọ́nà Kútọ̀. N ò ní dárúkọ wọn, torí a ti parí ìjà, mo sì ṣì ń lò wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti Abẹ́òkúta níbí, ẹ gbọ́ tèmi kẹ́ ẹ tó di ẹrù yín.

Àdìrẹ ni mo ń tà. Ìtòkú ni mo ti ń rà á, orí WhatsApp àti Instagram ni mo ti ń tà á. Mo ní ọ̀rẹ́ kan tó ń ta àwo tánganran, gbogbo ìgbà ni tiẹ̀ ń fọ́ lọ́nà, èmi a sì máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé aṣọ kì í fọ́. Kí ló fẹ́ ṣe aṣọ nínú mọ́tò?

Oníbàárà mi kan ní Àkúrẹ́ ra àdìrẹ ẹlẹ́kọ 14 fún aṣọ ẹbí, ₦13,500 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo kó wọn sínú Ghana-must-go, mo san ₦5,000 owó wébíìlì, mo gba rísíìtì, mo lọ sílé. Lọ́jọ́ kejì ló pè mí: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo fídíò tí mo fi ránṣẹ́ sí yín.” Wọ́n ti gbé kẹ́ẹ̀gì epo ẹnìkan lé báàgì mi lórí. Mẹ́rin ti bàjẹ́.

Epo pupa lórí aró kì í pọ́n bẹ́ ẹ ṣe rò o. Ibi tí aró bá ti dúdú, ńṣe ló máa dà bí ìgbà tómi ta sí i. Àmọ́ ibi tí ẹ̀kọ láfún ti dí aró lọ́nà, tó yẹ kó mọ́ fẹ́ẹ́, ibẹ̀ lòótọ́ wà: epo ti fà yí i ká bíi ti etí abọ́ ọbẹ̀.

Mo ní màá dá ₦54,000 padà fún un lójú ẹsẹ̀. Ó ní rárá, owó kọ́ lòun ń wá, ìnáwó ku ọjọ́ 9, ta ni yóò wọ owó wá síbi ìyàwó? Bí mo ṣe sáré padà sí Ìtòkú nìyẹn. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ya á, aró tòní kì í sì í bá tàná dọ́gba bọ̀rọ̀. Ìyá aládìrẹ rì í, ó sá a, ó tún rì í, títí tó fi bá àpẹẹrẹ tí mo mú dání mu. Òjò ò sì jẹ́ kó tètè gbẹ. ₦38,000 jáde lápò mi, láìtíì ka owó wébíìlì ẹlẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ má ṣe sọ fún oníbàárà pé kó lọ bá oníwébíìlì. Ẹ̀yin ló sanwó fún. Òfin ọdún 2018 tó gbé FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà, kalẹ̀ pàápàá fún ẹni tó ra ọjà tó lábùkù láyè láti dá a padà. Ìjà oníwébíìlì, tiwa ni.

Mo wá gba Kútọ̀ lọ. Ọmọkùnrin tó wà nídìí tábìlì wo aṣọ náà, ó ní, “Mummy, aró yín ló ń ya, kì í ṣe epo.” Mo fi aṣọ náà sí i nímú. Mo ní, “Ọmọ mi, gbóòórùn ẹ̀.” Ó gbóòórùn ẹ̀, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìyá kan tó fẹ́ fi gàárì ránṣẹ́ na ọwọ́ gbà á: “Epo ni o. Epo tó dáa gan-an ni.”

Mánéjà yí rísíìtì mi sẹ́yìn. Wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀ wínníwínní pé ẹrù tí a ò bá kọ iye owó rẹ̀ sílẹ̀, tó bá bàjẹ́, àwọn ò ní san ju ìlọ́po 3 owó wébíìlì lọ. ₦15,000 nìyẹn. Mo ti gba rísíìtì yẹn bí ìgbà 40, n ò yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò rí. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn. Síbẹ̀, ta ló gbé epo lé aṣọ? Mo lọ, mo bọ̀, ìgbà 6 láàárín ọjọ́ 19, kí wọ́n tó fún mi ní ₦25,000. Epo ṣèèṣì dà. Ti “aró ló ń ya” yẹn kì í ṣe èèṣì, òun ló sì dùn mí jù.

Látìgbà náà, inú ọ̀rá ni mo ń kọ́kọ́ di aṣọ sí, mo sì ń ní kí oníbàárà tan fídíò kó tó gé okùn. (Ẹnìkan fi fọ́tò aṣọ tó ya ránṣẹ́ sí mi rí. Mo fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù: ṣísọ́ọ̀sì ló gé e, aṣọ ọ̀hún kì í sì í ṣe tèmi.) Mo sì ń kọ iye owó ẹrù mi sórí fọ́ọ̀mù.

Nígbà òjò tó kọjá, mo fi kàmpálà ₦96,000 ránṣẹ́ sí Ìlọrin, mo fi ₦1,500 lé owó wébíìlì torí iye tí mo kọ. Òjò wọnú mọ́tò, ọ̀rá mi ti lu. Lọ́tẹ̀ yìí, aró ya lóòótọ́, pupa ya bá yẹ́lò lórí aṣọ 3. Ọmọkùnrin yẹn kan náà ló gba ẹ̀sùn mi sílẹ̀. Ọjọ́ kẹrin, owó aṣọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọlé pé pérépéré.

Tí wọ́n bá ní kí n fún wọn ní máàkì, 3 nínú 5. Mọ́tò wọn kì í pẹ́, wọn kì í sọ ẹrù nù, ṣùgbọ́n ẹ kọ iye ọjà yín sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ gbé tì í.

Àdìrẹ mẹ́rin yẹn, mo fọ̀ wọ́n lómi gbígbóná lẹ́ẹ̀mẹta, epo ò jáde tán. Mo fi ọ̀kan rán búbá. Òun ni mo máa ń wọ̀ lọ gbé ẹrù sílẹ̀ ní Kútọ̀.