Àgbéyẹ̀wò: Ọjọ́ mẹ́ta nílé aláró kan ní Òṣogbo, káàdì méjìlá àti òǹtẹ̀ pupa kan

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni akọ̀wé ilé aláró tí mo ti lọ kọ́ bí a ṣe ń fi àdìrẹ ṣe káàdì ìfìwéránṣẹ́ fi òǹtẹ̀ pupa lu ọ̀kan nínú káàdì mi. Mo mọ àkókò náà dájú nítorí pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbójú sókè wo aago ara ògiri ni, láti mọ̀ bóyá a ṣì lè bá ilé ìfìwéránṣẹ́ ní ṣíṣí. Òǹtẹ̀ náà fẹ̀ tó ìdérí agolo mílíìkì, orúkọ ilé iṣẹ́ wọn, nọ́ńbà fóònù méjì àti gbólóhùn ìpolówó kan ni ó sì wà lára rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yìn káàdì ni ó lù ú sí, níbi tí mo kọ àdírẹ́sì sí, ǹ bá pòṣé kí n sì gbàgbé. Ojú káàdì gan-an ni ó lù ú sí, lórí àdìrẹ tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe.

Kí ẹ tó sọ pé ọ̀rọ̀ kékeré ni mo ń gbé gẹ̀gẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo yà sí káàdì náà. Owó ẹyọ mẹ́fà ni. Kí lẹ́tà tó dé ọ̀dọ̀ wa ni àwọn baba ńlá wa ti ń pa àrokò. Ẹni tí wọ́n bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí mọ̀ pé ẹ̀fà ni, pé ọkàn ẹni tí ó fi ránṣẹ́ fà sí òun. Bí ọ̀rọ̀ náà bá bá a lára mu, mẹ́jọ ni yóò fi dáhùn, pé èrò àwọn jọ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí wọ́n ń gbé ní Peckham, ní London, ni mo fẹ́ pa àrokò yìí sí. Ọdún méjì ti kọjá tí a kò ti bá ara wa sọ̀rọ̀, nítorí owó àtúnṣe ilé bàbá wa, n kò sì mọ bí mo ṣe lè fi ẹnu bẹ̀rẹ̀. Òǹtẹ̀ pupa bo owó ẹyọ méjì mọ́lẹ̀ pátápátá. Mẹ́fà di mẹ́rin. Mo fẹ́ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé ọkàn mi fà sí wọn, káàdì ti wá ń sọ pé mo ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín.

Mo béèrè lọ́wọ́ akọ̀wé náà pé ta ni ó ní kí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní, “Ẹ má bínú, mà, bí a ṣe máa ń ṣe é nìyẹn.” Mo ní ta ni “a” yẹn. Ó ní ọ̀gá ni. Mo ní kí ó pe ọ̀gá wá. Ó ní ọ̀gá ti lọ sí Ìbàdàn láti àárọ̀. Mo wá ka àwọn káàdì tí ó wà níwájú rẹ̀: ó ti lu márùn-ún nínú méjìlá mi, mẹ́rin sì jẹ́ ẹ̀yìn. Èyí tí ó bàjẹ́ yìí dojú sókè nígbà tí àwọn yòókù dojú bolẹ̀, kò sì wò ó kí ó tó gbé ọwọ́ lé e, torí pé fóònù ni ojú rẹ̀ wà. Nígbà tí ó rí i pé ojú mi ti yí padà, ó fa áńkáṣífù yọ, ó tu itọ́ sí i, kí n sì tó pariwo ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í nu káàdì náà. Pupa náà ràn. Ó ní òun yóò lọ mú sipíríìtì wá. Mo gba káàdì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó sì na ìdè kọ́kọ́rọ́ kan sí mi, pé kí n fi ìyẹn tẹ́ ara mi lọ́rùn. Orúkọ ilé iṣẹ́ àti nọ́ńbà fóònù méjèèjì wà lára ìdè kọ́kọ́rọ́ náà pẹ̀lú.

Ìgbà náà gan-an ni mo pinnu pé n óò kọ àgbéyẹ̀wò yìí. Ohun tí mo ní lọ́kàn láti kọ nígbà náà kò gùn ju ìlà mẹ́ta lọ, kò sì sí èyí tí ó dára nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ̀bi wọn kò ní kí n fi òdodo pamọ́. Ọjọ́ kìíní dára débi pé mo pe ọkọ mi lálẹ́, mo sì ń fi ẹ̀rín sọ ọ́. Ẹgbẹ̀rún márùndínláàádọ́ta náírà ni mo san fún ọjọ́ mẹ́ta, pẹ̀lú oúnjẹ ọ̀sán àti sítáǹbù. Àwa mẹ́jọ ni a péjọ, ohun tí a sì rò pé a ó kọ́kọ́ fọwọ́ kàn ni aró. Atọ́nà wa, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó mọ̀rọ̀ọ́sọ, kò mú aró wá. Owó ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni ó fún wa, ó ní kí a jáde sí ìgboro, kí a máa dà á ní gbogbo oríta tí a bá dé: bí ẹnu rẹ̀ bá wòkè, kí a yà sí ọ̀tún, bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá wòkè, kí a yà sí òsì. Ó kìlọ̀ fún wa pé eléyìí kì í ṣe ẹẹ́rìndínlógún, kí ẹnikẹ́ni má lọ bẹ̀rẹ̀ sí í dá Ifá fún ara rẹ̀ ní títì. Lẹ́yìn wákàtí kan, kí olúkúlùkù mú ohun mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni kò lè tà wá sílé.

Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni owó ẹyọ mi gbé mi padà sí ìdí ẹ̀rọ ata kan náà. Nígbà kejì, ọkùnrin tí ó ń lọ ata bi mí pé, “Àǹtí, ṣé nǹkan sọnù ni?” Nígbà kẹta, kò bi mí mọ́, àga ni ó gbé fún mi. Mo jókòó, mo ń wo ata bí ó ti ń ṣàn bọ́ sínú abọ́, mo sì rí i pé láti ọdún tí mo ti ń lọ ata, n kò jókòó wo ó rí. Ó fún mi ní ègé bẹ́líìtì ẹ̀rọ rẹ̀ tí ó ti já. Ìyẹn di ohun kìíní mi. Èkejì jẹ́ ìyẹ́ ẹyẹlé, ẹ̀kẹta sì jẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì ọjà tí ìdí ìgò ọtí ti fi àmì róbótó sí lára. Láti inú àwọn nǹkan báyìí ni káàdì mẹ́ta àkọ́kọ́ mi ti jáde, n kò sì ní tà wọ́n fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́kọ láya kan tí wọ́n ti Èkó wá ń ráhùn pé owó ẹyọ kò gbé àwọn dé Igbó Ọ̀ṣun, èyí tí UNESCO kọ sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2005. N kò bá wọn ráhùn. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí Igbó Ọ̀ṣun mọ ọ̀nà ibẹ̀, ìdí ẹ̀rọ ata ni ẹnikẹ́ni kì í mú àlejò lọ. Ní ìrọ̀lẹ́, atọ́nà náà kó wa lọ dúró níwájú ilé Susanne Wenger, òyìnbó oníṣẹ́ ọnà tí ó di olórìṣà, tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, ní òpópónà Ìbokùn, ó sì sọ ohun kan tí n kò gbọ́ rí: pé ilẹ̀ ìjọba Austria-Hungary ni káàdì ìfìwéránṣẹ́ àkọ́kọ́ ti jáde, ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá 1869, àti pé Austria náà ni wọ́n ti bí ìyá yìí ní 1915, kí ó tó wá di ará Òṣogbo títí ó fi papò dà ní 2009. Ó ní káàdì àti Àdùnní, ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà wá. Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀, kò jọ pé ó parọ́.

Ọjọ́ kejì ni ti Màmá. N kò ní dárúkọ wọn, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn ti di aláwọ̀ aró títí dé ìgúnpá, kò sì sí ọṣẹ tí yóò bọ́ ọ mọ́. Mo mú ìyẹ́ ẹyẹlé mi jáde láti fi ya ẹ̀kọ láfún sí aṣọ. Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. “Ọmọ mi, èyí rọ̀ jù, ìyẹ́ adìẹ ni kí o mú.” Wọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi ti ẹyẹlé bà á jẹ́ kí n lè fojú ara mi rí i. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ, èyí tí a fi ẹ̀kọ ya kí aró má bàa wọ ibẹ̀, kò ṣàjèjì sí yín, nítorí náà n kò ní tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, àfi ìṣẹ́jú kan ṣoṣo tí n kò lè fò: nígbà tí a fa aṣọ jáde nínú ìkòkò aró, àwọ̀ ewé ni ó ní, bí omi ewúro. Mo rò pé mo ti bà á jẹ́. Màmá ní kí n dákẹ́, kí n jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i. Ojú mi ni ó ṣe yí padà díẹ̀díẹ̀, láti etí aṣọ wọ àárín, títí ó fi di aró. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni a rì í bọ omi ọ̀hún, ẹ̀ẹ̀mẹ́fà náà ni mo pariwo.

Ní ti oúnjẹ ọ̀sán, aago mẹ́rin ni ó dé. Jẹnẹrétọ̀ wọn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí a ti ń ṣiṣẹ́. Páálí tí wọ́n gé fún wa láti lẹ aṣọ mọ́, ojú lásán ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Ìwọ̀n káàdì tí àwọn ènìyàn mọ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 14.8 sí 10.5, ṣùgbọ́n nínú méjìlá mi, kò sí méjì tí ó jọra. Èmi ni mo fi àlùmọ́gàjí àti rúlà tún gbogbo rẹ̀ gé.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọjọ́ kẹta. Mo gbé káàdì mi tọ Màmá lọ ní ẹ̀yìnkùlé, bí ọmọ tí wọ́n nà níta. Wọn kò bú akọ̀wé, wọn kò sì ní kí n má bínú. Wọ́n wo òǹtẹ̀ náà fún ìgbà díẹ̀, wọ́n bi mí ẹni tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí àti ìdí rẹ̀, mo sì rí i pé mo ti sọ gbogbo ọ̀rọ̀ ilé bàbá mi fún ẹni tí mo mọ̀ ní ìjẹta. Wọ́n tú ìdí ìró wọn, wọ́n mú owó ẹyọ gidi méjì jáde nínú àpò kékeré kan, wọ́n sì ní kí n lọ gba abẹ́rẹ́ àti òwú dúdú. Akọ̀wé ni ó gbé abẹ́rẹ́ wá fúnra rẹ̀. Òun náà ni ó di páálí mú, tí ó ń fi ìṣó lu ihò sí i. Mo tò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí òǹtẹ̀ bí ó ti ṣe dé ọwọ́ mi, Màmá sì gbá mi lọ́wọ́ pẹ́pẹ́. “Ṣé o fẹ́ kí wọ́n kẹ̀yìn síra? Ìjà nìyẹn. Kọ ojú wọn síra.” Wọ́n yí i padà, ẹnu kejì sí ẹnu èkíní, wọ́n sì rán an títí òǹtẹ̀ kò fi hàn mọ́. Mẹ́rin tí mo yà, méjì gidi: ó tún di mẹ́fà. Akọ̀wé náà kà á sókè, ó sì kà á lẹ́ẹ̀kejì.

Ilé ìfìwéránṣẹ́ ti tì nígbà náà. Àárọ̀ ọjọ́ tí ó tẹ̀lé e ni ọ̀dọ́mọkùnrin akọ̀wé yìí, tí ó jẹ́ ọjọ́ ìsinmi rẹ̀, fi ọ̀kadà gbé mi lọ síbẹ̀, kò sì gba owó epo lọ́wọ́ mi. Ìyáàfin tí ó wà lẹ́yìn káńtà fi ìka tẹ owó ẹyọ wò, ó ní ohun tí ó bá wú báyìí kò lè lọ bíi káàdì, inú àpòòwé ni yóò lọ. Bí pósíkáàdì mi ṣe di lẹ́tà nìyẹn. Ó ní òun yóò rọra fi òǹtẹ̀ lu sítáǹbù. Nígbà tí ó sọ “òǹtẹ̀”, èmi àti akọ̀wé wo ara wa.

Ọjọ́ mẹ́tàlélógún lẹ́yìn náà, ẹ̀gbọ́n mi fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù mi, àkọ́kọ́ láàárín ọdún méjì. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyí: “Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Owó ẹyọ méjì tí ó kọjú síra, àwa méjèèjì nìyẹn. Èjì ni o fi ránṣẹ́, mo ti forí jì ọ́. Mo ń bọ̀ nílé lóṣù Kejìlá. Àwòrán abẹ́ rẹ̀ náà dára, ṣé ẹ̀wà ni?”

Ẹ̀wà ni wọ́n pe owó ẹyọ mi! Mẹ́fà tí mo fi ọjọ́ méjì yà, tí mo tìtorí rẹ̀ gbé ojú kọ́ ọmọ ọlọ́mọ lọ́rùn, kò sí ọ̀kan tí ẹ̀gbọ́n mi dá mọ̀ nínú mẹ́rin tí ó ṣẹ́kù. Méjì tí òǹtẹ̀ bí nìkan ni wọ́n kà. Wọ́n sì forí jì mí, èmi tí mo rò pé èmi ni wọ́n ṣẹ̀. N kò tíì fèsì lórí ìyẹn. Oṣù Kejìlá ni a ó sọ ọ́.

Síbẹ̀ òǹtẹ̀ jẹ́ òǹtẹ̀. Ẹni tí ó bá sanwó fún iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ kò sanwó láti polówó fún ẹlòmíràn. Ọ̀gá tí ó ti Ìbàdàn dé fi ohùn ránṣẹ́ sí mi pé àwọn yóò “ronú sí i”, kò sì tọrọ àforíjì. Oúnjẹ ọ̀sán aago mẹ́rin kò sí nínú ìwé ìpolówó wọn. Fún Màmá, àti fún owó ẹyọ tí ó ń gbé ènìyàn lọ sí ìdí ẹ̀rọ ata, mo ti san àsansílẹ̀ fún èmi àti ọmọ mi obìnrin fún ìgbà tí wọn yóò tún ṣe é. Ìràwọ̀ méjì ni mo fún wọn nínú márùn-ún, kí ẹnikẹ́ni má sì fi òǹtẹ̀ lu èyíkéyìí nínú méjèèjì.