Ibùdókọ̀ ojú irin Đà Lạt: ilé náà ju ọkọ̀ rẹ̀ lọ

Đà Lạt ni ìlú orí òkè tí àwọn Faransé tẹ̀ dó ní Vietnam láti máa fi sá fún ooru. Ẹni tó bá rò pé ọkọ̀ ojú irin ibẹ̀ yóò gbé òun gun òkè, ìjákulẹ̀ ni yóò bá bọ̀. Ilé náà gan-an ni kí ẹ bá lọ.

Ọdún 1938 ni iṣẹ́ rẹ̀ parí. Moncet àti Reveron ló ya àwòrán rẹ̀. Ẹ má tètè wọlé. Ẹ kọ́kọ́ dúró lọ́ọ̀ọ́kán níwájú, kí ṣóńṣó òrùlé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè hàn sí yín pọ̀: òkè Lang Biang ni wọ́n fi jọ. Nínú gbọ̀ngàn, ẹ gbójú sókè wo gíláàsì aláwọ̀ mèremère. Ó rẹwà púpọ̀, àgàgà bí oòrùn bá ràn sí i.

Ojú irin tó lọ sí Tháp Chàm, nítòsí Phan Rang nísàlẹ̀ òkè, gùn tó 84 km nígbà náà. Níbi tó ti le jù, bí ọkọ̀ bá rìn mítà kan, ó ti gòkè ní sẹ̀ǹtímítà 12. Kẹ̀kẹ́ irin lásán á kàn máa yọ̀ níbẹ̀ ni. Wọ́n wá tẹ́ irin eléyín sáàárín ojú irin méjèèjì, kí kẹ̀kẹ́ eléyín tó wà lábẹ́ ẹ́ńjìnnì lè máa há sí i, ní eyín dé eyín. Ogun Vietnam ló dá ọkọ̀ náà dúró. Lẹ́yìn 1975, wọ́n hú irin náà lọ tún ọ̀nà àríwá sí gúúsù ṣe. Ní 1990, àwọn ará Switzerland ra àwọn ẹ́ńjìnnì náà padà lọ sí òkè Furka ní ilẹ̀ wọn. Ẹ́ńjìnnì tó dúró ní Đà Lạt báyìí kì í ṣe ara wọn. Kò ní kẹ̀kẹ́ eléyín.

7 km péré ló kù tí ọkọ̀ ń rìn, dé Trại Mát, bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, láàárín oko ẹ̀fọ́. Kò sí irin eléyín lójú ọ̀nà yìí rárá. Bí èrò kò bá pọ̀ tó, ọkọ̀ kì í gbéra, nítorí náà ẹ bèèrè lójú fèrèsé tíkẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó fètò sí nǹkan mìíràn. Ẹ mú owó đồng díẹ̀ dání fún ẹnu ọ̀nà. Àárọ̀ ló dára jù láti oṣù karùn-ún sí ìkẹwàá, torí ọ̀sán ni òjò sábà máa ń rọ̀.

Àkókò tí ọkọ̀ fi ń dúró ní Trại Mát kò tó láti wo tẹ́ńpìlì Linh Phước tó wà nítòsí dáadáa. Ẹ jẹ́ kó máa lọ, kí ẹ wọ takisí padà. Bí ẹ bá sì ń gba ọ̀nà 27 lọ sí Phan Rang, ẹ yà ní Sông Pha lẹ́sẹ̀ òkè: ibẹ̀ ni irin eléyín ti bẹ̀rẹ̀.