Ṣáwà tàbí Ọpọ́n Ìwẹ̀: Èwo Ló Yẹ Balùwẹ̀ Tuntun?

Kí wọ́n tó da kọnkéré sí ilẹ̀ balùwẹ̀ ló yẹ kí onílé ti yàn láàárín ṣáwà àti ọpọ́n ìwẹ̀, nítorí ojú ihò tí omi ìdọ̀tí ń gbà jáde kì í ṣeé sún kiri lẹ́yìn tí wọ́n bá ti lẹ táìlì tán.

Ní tèmi, ṣáwà ni mo fara mọ́ fún ilé tó ní balùwẹ̀ kan ṣoṣo. Ọpọ́n ìwẹ̀ sábà máa ń gùn tó 150 sí 170 sẹ̀ǹtímítà, nígbà tí ààyè 90 níbùú àti 90 lóròó ti tó àgbàlagbà láti wẹ̀ lábẹ́ ṣáwà. Ọpọ́n tó kún dáadáa lè gba lítà omi 150 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣáwà tó ń tú lítà 9 jáde ní ìṣẹ́jú kan yóò lo 72 péré fún ìwẹ̀ ìṣẹ́jú 8. (Ẹni tó bá ń kọrin lábẹ́ rẹ̀ fún 20 ìṣẹ́jú kò ṣọ́ omi kankan lò o.) Bí ẹ̀rọ amómigbóná bá sì kéré, omi ọpọ́n yóò ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí ó tó dé ìdajì.

Ọpọ́n ìwẹ̀ dára fún wíwẹ ọmọ kékeré àti fún ara tó rẹ̀. Ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ga, arúgbó tí orúnkún ń dùn yóò sì gbé ẹsẹ̀ kọjá rẹ̀ sórí ibi tó ń yọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ka ṣáwà tí wọ́n gbé sókè ọpọ́n sí èyí tó burú jù nínú gbogbo rẹ̀. Ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ rántí pé lítà omi 150 wúwo tó 150 kílò, láìka ọpọ́n àti ẹni tó wà nínú rẹ̀.

Àléébù ṣáwà ni kí omi máa jò wọ inú ilé. Ilẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ dàgẹ̀rẹ̀ sí ojú ihò omi, bíi sẹ̀ǹtímítà 2 lórí mítà kan, kí wọ́n sì ti kun ohun tí kì í jẹ́ kí omi wọlé sábẹ́ táìlì, nítorí sìmẹ́ǹtì àárín táìlì nìkan kò lè dá omi dúró. Ẹ ní kí bíríkìlà dí ihò náà, kí ó da omi sílẹ̀, kí ó fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí omi bá fà, kí ó tún un ṣe kí ó tó lẹ táìlì kankan.