Tíwítà fún sípíkà aláìlápótí: ẹ̀yìn rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò

Sípíkà tí wọ́n kàn mọ́ pákó lásán, tí kò ní àpótí, ń dún níwájú, ó sì ń dún lẹ́yìn. Ohùn ẹ̀yìn yẹn ló ń lu ògiri padà, òun ló sì ń mú kó dà bíi pé àwọn onílù jókòó sínú yàrá. Àmọ́ tíwítà, ìyẹn sípíkà kékeré tó ń gbé ohùn tínrín jáde, yàtọ̀: irú dome tó wọ́pọ̀, tí ojú rẹ̀ yọ bíi bọ́ọ̀lù tí wọ́n là sí méjì, kì í dún lẹ́yìn rárá, òòfà ti dí i pa. Bí ohùn orin bá ti ga kọjá 2,500 Hz (Hz ni wọ́n fi ń díwọ̀n bí ohùn ṣe ga tó), níbi tí tíwítà ti ń gba orin, iwájú nìkan ló kù. Ẹ ó gbọ́ ìyá ìlù káàkiri yàrá, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ á sì lẹ̀ mọ́ pákó. Ìdí nìyí tí mi ò fi iye owó díwọ̀n tíwítà fún iṣẹ́ yìí.

Piezo, irú tíwítà tí kò lo òòfà, ló pọ̀ jù ní Alaba. Kò béèrè krọ́sófà (ohun tó ń pín orin láàárín tíwítà àti sípíkà ńlá), ó sì dára fún òde àríyá, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ le koko létí nínú ilé. Bí kapásítọ̀ ló rí lójú àmpù, nítorí náà àmpù mìíràn máa ń ta kò ó àfi tẹ́ ẹ bá fi rẹ̀sísítọ̀ sí i lọ́nà, ìyẹn lójú wáyà tó ń lọ sínú rẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀.

Tíwítà oníwo lágbára, ó sì lè bá wúfà (sípíkà ńlá tó ń gbé ohùn ìsàlẹ̀ jáde) alágbára bí Eminence Alpha 15A rìn. Iwájú náà nìkan ló ń dún sí o. Ẹnu ìwo rẹ̀ tún tóbi, ó ń mú kí tíwítà jìnnà sí sípíkà àárín.

Àwọn tó ń dún lójú méjèèjì nípa ẹ̀dá wọn ni irú èyí tí Oskar Heil, ọmọ Jámánì, ṣe, tó ń ká bí abẹ̀bẹ̀, àti àwọn oníke pẹlẹbẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi Neo3 ti ilé iṣẹ́ BG, tí ìdérí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣeé tú. BG ò ṣe Neo3 mọ́, àlòkù lẹ ó máa wá. Bẹ́ ẹ bá ti tú ìdérí yẹn, ohùn iwájú àti ti ẹ̀yìn á máa pa ara wọn ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, agbára rẹ̀ á máa fi 6 dB (dB ni ìwọ̀n bí ohùn ṣe ròkè tó) dín kù ní gbogbo ìgbà tí Hz bá já sí ìdajì. Ẹ má fún un níṣẹ́ nísàlẹ̀ 3,500 Hz láìjẹ́ pé ẹ fi pákó kékeré yí i ká.

Èyí tí mo fara mọ́ jù ni tíwítà dome méjì tó kẹ̀yìn síra. Ẹ ra àwọn kéékèèké tó ní òòfà neodymium, torí pé bí wọ́n bá ṣe súnmọ́ra tó ni wọ́n ṣe ń dún bí ẹyọ kan. Ní 2,500 Hz, ìgbì ohùn kan gùn tó 14 cm. Àárín tíwítà sí àárín sípíkà tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kọjá bẹ́ẹ̀, àwo ńlá lójú tíwítà ò sì ní jẹ́ kó ṣeé ṣe.

Wáyà ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣìnà. Ti ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ wọlé nígbà tí ti iwájú bá ń jáde. Nítorí náà, ẹ so + iwájú mọ́ − ẹ̀yìn, kẹ́ ẹ so − iwájú mọ́ + ẹ̀yìn, kẹ́ ẹ wá fún wọn ní iná orin tó ń bọ̀ láti àmpù níbi ìsopọ̀ méjèèjì. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ 8 ohm (ohm ni ìwọ̀n bí ó ṣe ń dí iná lọ́wọ́ tó), àpapọ̀ wọn di 4 ohm. Tí ẹ bá ra oní 4 ohm méjì, àpapọ̀ á di 2 ohm, ó lè ba àmpù jẹ́. Ẹ lè sọ pé ẹ ó so wọ́n tẹ̀léra kó lè di 8, ṣùgbọ́n iwájú á pàdánù 6 dB, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ á sì tún sá lọ. Oní 8 ohm ni kẹ́ ẹ rà.

Fún àpapọ̀ 4 ohm yìí, krọ́sófà 2,500 Hz gba kapásítọ̀ 8 µF lọ́nà, àti kọ́ìlì 0.5 mH láàárín + àti −. Àwọn kan máa ń fi 4 µF àti 1 mH, tó jẹ́ ti tíwítà 8 ohm kan ṣoṣo, síbẹ̀. Kòtò 6 dB ni wọ́n gbẹ́ síbi tí tíwítà ti ń gba orin yẹn, ìyẹn ni pé ohùn á lọ sílẹ̀ níbẹ̀. Bí tíwítà bá sì pariwo jù, rẹ̀sísítọ̀ 2 ohm lọ́nà àti 4 ohm láàárín + àti −, lẹ́yìn krọ́sófà, á dín in ní 6 dB.

Ẹ gbé máìkì síwájú, kẹ́ ẹ fi REW, ètò orí kọ̀ǹpútà tó ń wọn ohùn, wọ̀n ọ́n. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ yí wáyà tíwítà méjèèjì padà sódì, kẹ́ ẹ tún wọ̀n ọ́n: ọ̀kan nínú ọ̀nà ìsopọ̀ méjèèjì á gbẹ́ kòtò jíjìn sí 2,500 Hz. Èyí tí kò gbẹ́ kòtò ni kẹ́ ẹ lò. Kí sípíkà jìnnà sí ògiri ẹ̀yìn tó mítà kan ó kéré tán.

Tẹ́ ẹ bá dé ọjà, ẹ mú mítà tí wọ́n fi ń wọn ohm dání. Oní 8 ohm tó dára á fi nǹkan bíi 6 hàn, oní 4 á fi bíi 3 hàn. Èyí tí kò bá fi nǹkan kan hàn, ó ti jó, tàbí kó jẹ́ pé piezo ni wọ́n ń tà fún yín.