Táyà Smart Sam: ẹ̀yìn ni àyè rẹ̀

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní mountain bike kì í fi gun òkè kankan. Títì ọlọ́dà ni wọ́n ń rìn jù. Wọ́n á yà sí ọ̀nà yangí, wọ́n á fi tipátipá la iyanrìn díẹ̀ kọjá, wọ́n á sì tún bọ́ sórí ọ̀dà. Irú ìrìn bẹ́ẹ̀ gan-an ni Schwalbe, ilé iṣẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ ní Jámánì, ṣe Smart Sam fún. Táyà náà dára. Ibi tí wọ́n ń gbé e sí ni àṣìṣe ti ń wọlé.

Ẹ wo ojú rẹ̀ dáadáa. Eyín àárín sún mọ́ra débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlà kan ṣoṣo. Tí afẹ́fẹ́ bá pé, orí ìlà yẹn ló ń yí lórí ọ̀dà, ìdí nìyẹn tí kì í fi í kùn bíi táyà eléyín ńláńlá, tí kì í sì í fa ẹsẹ̀ ẹni sẹ́yìn. Eyín ẹ̀gbẹ́ ló jìnnà síra. Àwọn ló ń di ilẹ̀ mú tí kẹ̀kẹ́ bá dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní kọ́nà. Lórí yangí gbígbẹ, ẹ ó gbádùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí òjò rọ̀ ná: ẹrẹ̀ pupa á wọ àárín eyín wọ̀nyẹn, kò sì ní jáde, torí kò sí àyè tó máa gbà jáde. Kò ní pẹ́ tí táyà á fi máa yọ̀ bí ẹja àrọ̀.

Bí táyà ẹ̀yìn bá yọ̀, ìdí kẹ̀kẹ́ á kàn fì, ẹ ó sì tún un mú. Bí ti iwájú bá yọ̀, ilẹ̀ lẹ wà yẹn. Torí náà, ẹ gbé Smart Sam sẹ́yìn, níbi tí ìwúwo yín pọ̀ sí jù, kí ẹ fi táyà tí eyín rẹ̀ ga tó sì jìnnà síra síwájú. Nobby Nic, ti Schwalbe kan náà, bá a mu. Àwọn kan á ní kí ẹ ra Ardent ti Maxxis. Kò burú nílẹ̀ gbígbẹ, àmọ́ àlàfo kan wà láàárín eyín àárín rẹ̀ àti ti ẹ̀gbẹ́: bí kẹ̀kẹ́ bá dà díẹ̀, á dà bíi pé kò sí ohun tó di ilẹ̀ mú, àfi tí ẹ bá dà á wọlé dáadáa. Ẹni tó ń bẹ̀rù kọ́nà ò ní fẹ́ràn rẹ̀. Ẹni tí kì í jáde lọ́jọ́ òjò lè fi Smart Sam sí méjèèjì.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi íǹṣì sílẹ̀, ẹ ka nọ́ńbà mìlímítà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. 57-622 ni ti kẹ̀kẹ́ íǹṣì 29, 57-584 ni ti 27.5, 57-559 ni ti 26. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni fífẹ̀. Èkejì ni ìwọ̀n ibi tí etí táyà ń jókòó sí lórí rímù, ìyẹn ò gbọdọ̀ fi mìlímítà kan yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ mountain bike tòkúnbọ̀ tó jẹ́ 26, 559 ni. Ṣùgbọ́n 26 × 1 3/8 tẹ́ ẹ máa rí lára kẹ̀kẹ́ àtijọ́, 590 ni. Kẹ̀kẹ́ onírin àwọn bàbá wa tó jẹ́ 28 × 1 1/2, 635 ni, táyà 29 ò lè gùn ún láéláé. Ẹ tún wo àyè tó wà láàárín táyà àti férémù: mìlímítà 6 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan ló dára, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹrẹ̀ á há síbẹ̀, á máa họ ọ̀dà férémù bíi sáńpépà.

Èyí tí wọ́n ń pè ní Smart Sam Plus ní rọ́bà GreenGuard tó nípọn tó mìlímítà 3 lábẹ́ eyín. Ó wúwo, ẹsẹ̀ yín á mọ̀ ọ́n tẹ́ ẹ bá ń gòkè. Síbẹ̀, Plus ni kí ẹ rà sẹ́yìn. Ọ̀tá tí ojú kì í tètè rí lẹ́bàá títì ni wáyà tín-ín-rín tó jáde lára táyà ọkọ̀ tó bẹ́ tàbí tí wọ́n dáná sun. Á wọlé, á dúró síbẹ̀. Ẹ ó lẹ tíúbù, lọ́jọ́ kejì á tún jò lójú kan náà. Ẹ fi òwú nu inú táyà yípo. Ibi tí òwú bá ti há, ibẹ̀ ni wáyà wà. Bó bá jẹ́ ihò méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ má wá wáyà kankan: afẹ́fẹ́ ló kéré, àárín rímù àti òkúta ni tíúbù ti gé.

Tíúbù nínú táyà tó fẹ̀ tó íǹṣì 2.25 (57 náà nìyẹn), ẹni tó tó kílò 75: 32 sí 35 psi, ìyẹn ìwọ̀n agbára afẹ́fẹ́ tí géèjì ń kà, lẹ́yìn, 28 sí 30 níwájú. Bó bá jẹ́ ọ̀dà nìkan lẹ fẹ́ rìn lọ́jọ́ náà, 45 lẹ́yìn ò pọ̀ jù, ìyẹn tí èyí tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà bá gbà á. Ẹ ṣọ́ra lọ́dọ̀ fọ́kanáísà o. Ẹnu ẹ̀rọ rẹ̀ ò gba fáàfù Presta tín-ín-rín, ẹ mú idẹ kékeré tí wọ́n ń dé e dání. Afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ náà sì yára, ó lè ju táyà kúrò lórí rímù kí ẹ tó ṣẹ́jú. Ẹ ní kó máa fẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa fi géèjì tiyín wò ó.

Tẹ́ ẹ bá ń gbé e wọ̀, ẹ kọ́kọ́ wo ọfà ẹ̀gbẹ́ táyà tó ń fi ibi tí táyà máa yí sí hàn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lódì kejì fáàfù, kí ẹ parí rẹ̀ sí ìdí fáàfù, kí ẹ sì máa ti etí táyà sínú kòtò àárín rímù kó lè dẹ̀. Ẹ má lo sukudiráfà, tíúbù lẹ máa gé. Ìlà tín-ín-rín kan wà lára táyà, lókè rímù, tó yẹ kó dọ́gba yípo. Bó bá rì níbì kan, ẹ tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀, ẹ fi omi ọṣẹ pa á, ẹ tún un fẹ́.

Nígbà tí eyín àárín ẹ̀yìn bá ti jẹ délẹ̀, ẹ yọ táyà náà. Eyín ẹ̀gbẹ́ á ṣì dà bíi tuntun nígbà yẹn, kó má tàn yín jẹ.