Switch olójú mẹ́jọ tó ń jẹ́ ká mọ ibi tí wáyà ti já

Bí ọ̀pọ̀ èèyàn bá fẹ́ ra switch, ìyẹn àpótí tó ń fi wáyà so kọ̀ǹpútà àti àwọn ẹ̀rọ mìíràn pọ̀, iye ojú tí wọ́n á máa ki wáyà bọ̀ ni wọ́n máa ń kà. Wọ́n á ní márùn-ún ni àwọn fẹ́, tàbí mẹ́jọ, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Lójú tèmi, ìbéèrè kan ṣe pàtàkì ju ìyẹn lọ: lọ́jọ́ tí nǹkan bá yíwọ́, ṣé switch yẹn á lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún yín, àbí ẹ̀yin lẹ máa fa gbogbo wáyà tó wà nílẹ̀ yọ wò lọ́kọ̀ọ̀kan? Èyí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí máa ń sọ ọ́. Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn.

Olójú mẹ́jọ ni, gígábíìtì (bílíọ̀nù kan bíìtì dátà ní ìṣẹ́jú àáyá kan) ni gbogbo ojú rẹ̀, irin ni ara rẹ̀, kò sì ní fáànù. Irú èyí tí àwọn tó ń tà á ń pè ní smart switch ni. Ó ju èyí tí a kàn ń ki wáyà bọ̀ lásán lọ, kò sì tó àwọn gàgàrà tí ilé-iṣẹ́ ńláńlá ń tò sínú yàrá tútù. Mi ò ní dárúkọ ẹni tó ṣe é, torí àwọn tó ń ṣe irú rẹ̀ pọ̀, ohun tí mo sì fẹ́ sọ yìí bá èyí tó pọ̀ jù nínú wọn mu.

Ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ya àwòrán, tí wọ́n sì ń ṣètò ìwé fún títẹ̀ ni mo gbé e sí. Kọ̀ǹpútà wà níbẹ̀, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wà, kámẹ́rà ẹnu ọ̀nà wà, àpótí kan sì wà tí gbogbo fáìlì iṣẹ́ ń gbé. Wi-Fi ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń lò tẹ́lẹ̀. Fáìlì àwọn ayàwòrán kì í ṣe kékeré. Bí ẹni méjì bá ń ṣí tiwọn lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn yòókù á kàn kawọ́ gbera ni. Ojú mẹ́rin péré ló sì wà lẹ́yìn router, ẹ̀rọ tó ń mú íntánẹ́ẹ̀tì wọ ọ́fíìsì, ìdajì wọn ti kún.

Bí mo ṣe yọ ọ́ nínú páálí, ó wuyì lọ́wọ́. Kò wúwo, kò mì, ihò méjì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí a lè fi gbé e kọ́ sára ògiri. Iná kéékèèké wà lókè ojú kọ̀ọ̀kan, àwọ̀ iná náà sì máa ń yí padà bí iyára wáyà bá ṣe rí: ewé fún gígábíìtì, ọsàn fún 100 mẹ́gábíìtì, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́wàá gígábíìtì. Ẹ fi iná yẹn sọ́kàn, a máa padà dé ibẹ̀. Ohun tí kò dùn mọ́ mi nínú ni orí tí a fi ń ki í bọ iná mànàmáná. Ó fẹ̀ jù, ó sì ń gba àyè ojú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lára ẹ̀rọ pínpín iná.

Ní ti títò ó, bí ẹ bá kàn fẹ́ kó ṣiṣẹ́, kò sí ohun tí ẹ máa tẹ̀. Ẹ fa wáyà kan láti ẹ̀yìn router wá sí ojú èyíkéyìí, ẹ wá máa ki kọ̀ǹpútà bọ àwọn tó kù. Kò sí ojú kan tó jẹ́ ti router nìkan, bẹ́ẹ̀ ni kò sí pé à ń wá wáyà alágbèékọjá (crossover, èyí tí okùn inú rẹ̀ gba ara wọn kọjá) bíi ti àtijọ́. Switch òde òní mọ bí yóò ṣe dojú wáyà kọ ara wọn fúnra rẹ̀. Àmọ́ ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ là yé yín, torí mo ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn èèyàn ṣáá. Switch kì í pín àdírẹ́sì IP, ìyẹn nọ́ńbà tí a fi ń dá ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan mọ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Router ló ń pín in. Bí kọ̀ǹpútà kan ò bá rí àdírẹ́sì gbà, tí iná ojú rẹ̀ sì ń tàn, ọ̀dọ̀ router ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ.

Iṣẹ́ tí switch ń ṣe gan-an ni pé ó ń kọ́ ẹni tó wà ní ojú kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ẹ̀rọ tó ní ibi tí wáyà ń wọ̀ ló ní nọ́ńbà MAC tirẹ̀, èyí tí wọ́n ti fi sí i lára láti ilé-iṣẹ́. Bí dátà bá ti wọlé láti ojú kẹta, switch á wo nọ́ńbà ẹni tó rán an, á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé lágbájá wà ní ojú kẹta. Bí kò bá tíì mọ ibi tí ẹni tí wọ́n rán an sí wà, á fi ránṣẹ́ sí gbogbo ojú yòókù. Gbàrà tí ẹni náà bá ti fèsì, ó ti mọ̀ ọ́n nìyẹn, láti ìgbà náà lọ ojú ẹni yẹn nìkan ni yóò máa fi tirẹ̀ ránṣẹ́ sí. Hub, àpótí tí a fi ń so wáyà pọ̀ láyé àtijọ́, kò ní irú ìrántí bẹ́ẹ̀. Bí ẹnì kan bá sọ̀rọ̀, gbogbo ilé ló ń gbọ́, ẹlòmíràn ò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ títí onítọ̀hún á fi dákẹ́. Ní 1990 ni ilé-iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Kalpana gbé switch olójú púpọ̀ jáde fún Ethernet, ìyẹn ìlànà tí ẹ̀rọ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí wáyà, Cisco sì ra ilé-iṣẹ́ náà ní 1994. Ohun tí iṣẹ́ wọn mú wá ni pé ẹni méjì lè máa gbé fáìlì láàárín ara wọn, kí ẹni méjì mìíràn máa ṣe tiwọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, láìdí ara wọn lọ́wọ́. Èyí tí mo rà yìí ní agbára 16 gígábíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn ni pé gbogbo ojú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lè máa rán, kí wọ́n sì máa gbà, ní iyára kíkún lẹ́ẹ̀kan náà.

Ibi tó ti gba ọkàn mi ni àyẹ̀wò wáyà. Lẹ́yìn tí a tò ó tán, ọ̀kan nínú àwọn ayàwòrán ní íntánẹ́ẹ̀tì òun ń ṣiṣẹ́, lẹ́tà òun ń wọlé, àmọ́ fáìlì òun ṣì ń fà bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo wo iná ojú karùn-ún tí wáyà rẹ̀ wà: ọsàn. Gbogbo àwọn tó kù jẹ́ ewé. Mo wọlé sí ojú ìwé ìṣàkóso switch náà, mo yan ojú karùn-ún, mo tẹ àyẹ̀wò. Láìpẹ́ ó mú èsì wá fún okùn méjìméjì mẹ́rin tó wà nínú wáyà yẹn. Mẹ́ta dára. Ìkẹrin já, ó sì sọ iye mítà tó fojú bù pé ibi tó já náà jìnnà sí switch. Mo fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ tẹ̀ lé wáyà náà lábẹ́ ògiri, ó sì mú mi dé ìdí tábìlì kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ wáyà mọ́lẹ̀. Ara wáyà ò bó rárá níbẹ̀. Ó kàn tẹ́ pẹrẹsẹ ni. Ojú lásán ò lè rí i pé ohunkóhun ṣe é.

Kí ló dé tí kọ̀ǹpútà náà ò fi kú pátápátá? Okùn méjìméjì méjì ni iyára 100 ń lò, ìyẹn nọ́ńbà 1 àti 2, pẹ̀lú 3 àti 6. Gígábíìtì ní tirẹ̀ ń lo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èyí tó já níbí jẹ́ 7 àti 8, àwọn aláwọ̀ búráùn. Nígbà tí ẹ̀rọ méjèèjì gbìyànjú gígábíìtì tí kò ṣeé ṣe, wọ́n rọra gbà láti máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ ní 100. Ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ò ní rí àmì kankan, àfi kó ṣáà máa dúró. Ìyàtọ̀ yẹn kì í sì í ṣe kékeré: fáìlì tó tó 10 GB á gba bí ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lórí 100, àmọ́ lórí gígábíìtì tó dára, tí àpótí fáìlì náà bá yára, kò lè ju bí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ lọ.

A gé apá tó tẹ́ náà kúrò. Mo tò ó pa dà ní ìlànà T568B: funfun pẹ̀lú ọsàn, ọsàn, funfun pẹ̀lú ewé, búlúù, funfun pẹ̀lú búlúù, ewé, funfun pẹ̀lú búráùn, búráùn. Mo fi ẹ̀mú tẹ orí tuntun mọ́ ọn, iná ojú karùn-ún di ewé. Ẹ jọ̀ọ́, nígbà tí ẹ bá ń tò ó, ẹ má ṣe tú okùn méjìméjì yẹn sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Bí wọ́n ṣe lọ́ mọ́ra yẹn ni kì í jẹ́ kí ariwo iná láti ìta bá dátà jẹ́. Kí wáyà náà má sì kọjá 100 mítà láti ìkángun dé ìkángun.

Ojú ìwé ìṣàkóso náà fúnra rẹ̀ ló yẹ kí ẹni tó ṣe é tún ronú sí. Àdírẹ́sì tó bá switch náà wá láti ilé-iṣẹ́ ni 192.168.0.1, àdírẹ́sì kan náà tí ọ̀pọ̀ router ń lò. Bí ẹ bá ki i bọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì bẹ́ẹ̀, àwọn méjèèjì lè máa du àdírẹ́sì kan mọ́ra wọn lọ́wọ́. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni kí ẹ kọ́kọ́ so mọ́ ọn, láìsí router níbẹ̀. Ẹ fún kọ̀ǹpútà náà ní 192.168.0.10, ẹ wọlé, ẹ yí àdírẹ́sì switch padà sí ọ̀kan tó bá nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín mu, tí kò sì sí lára èyí tí router ń pín. Ẹ yí pásíwọ́ọ̀dù padà níbẹ̀ náà. Mo tẹnu mọ́ pásíwọ́ọ̀dù nítorí pé HTTP lásán ni ojú ìwé yẹn ń lò, kò sí ìbòjú kankan fún ohun tí ẹ bá tẹ̀ síbẹ̀.

Fún ìdí yẹn, mi ò jẹ́ kí kámẹ́rà àti àlejò wà níbi kan náà pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́. VLAN ni mo fi pín wọn. Ìlànà 802.1Q tó wà lẹ́yìn rẹ̀ máa ń lẹ nọ́ńbà kan mọ́ dátà, láti 1 dé 4094, switch á sì máa tọ́jú wọn bíi pé orí switch ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n wà. Ojú tí kọ̀ǹpútà tàbí kámẹ́rà wà ni kí ẹ fi sí untagged (dátà á jáde láìní nọ́ńbà), torí àwọn ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò mọ nọ́ńbà náà. Ojú tó lọ sọ́dọ̀ router ni kí ẹ fi sí tagged (dátà á gbé nọ́ńbà rẹ̀ dání), kí router lè mọ ẹgbẹ́ tí dátà ti wá. Router náà gbọ́dọ̀ mọ 802.1Q. Níbí ni mo ti ní ẹ̀sùn tó lágbára. Ìwé ọ̀tọ̀ ni ẹ ti máa sọ ojú tó wà nínú VLAN wo, ìwé ọ̀tọ̀ sì ni ẹ ti máa yan PVID, ìyẹn VLAN tí dátà tí kò ní nọ́ńbà bá dé á bọ́ sí. Kò sí ohun tó kìlọ̀ fúnni pé méjèèjì kò bára mu. Ẹni tó bá yí ọ̀kan tó gbàgbé èkejì á rí ojú kan tó ń gbọ́ ṣùgbọ́n tí kò lè fèsì, ẹ̀rọ náà á sì dà bí ẹni pé ó bàjẹ́. Irú switch tó ń gbówó lọ́wọ́ èèyàn nítorí VLAN yẹ kó gbé méjèèjì sójú kan.

Mo tún ní kí ẹ tan ìdènà àyípoyípo, torí pípa ni mo bá a nígbà tí mo ṣí i. Bí ẹnì kan bá rí wáyà kan nílẹ̀, tó ki orí rẹ̀ méjèèjì bọ ojú méjì, ìkéde kan ṣoṣo (dátà tí wọ́n rán sí gbogbo ẹ̀rọ) tó bá wọlé á máa yí ká títí, torí dátà Ethernet kò ní iye ìgbà tó gbọ́dọ̀ yí kó tó kú. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, gbogbo iná á máa ṣẹ́ papọ̀, ẹnikẹ́ni ò sì ní rí ohunkóhun ṣe. Nítorí irú nǹkan yìí ni onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan, Radia Perlman, ṣe gbé STP kalẹ̀ ní 1985, ìyẹn ìlànà tí àwọn switch fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti dènà àyípoyípo, nígbà tó wà ní ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà DEC. Switch kékeré yìí kò ní STP pípé. Ohun tó ní ni pé ó ń mọ̀ bí àyípoyípo bá wà, á sì ti ojú náà pa. Ọ́fíìsì kékeré ò nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá fẹ́ so switch mẹ́ta tàbí mẹ́rin pọ̀ ní òbìrípo nítorí àìjẹ́-kó-kú, ẹ wá èyí tó ní STP.

Kò ní PoE, ìyẹn ọ̀nà tí switch fi ń rán iná sí ẹ̀rọ láti inú wáyà dátà. Kámẹ́rà tó ń gba iná láti inú wáyà ò lè gbà á níbí, àfi kí ẹ fi ẹ̀rọ kékeré kan sáàárín. Bí kámẹ́rà yín bá pọ̀, ẹ lọ ra èyí tó ní PoE, kí ẹ sì ka iye wọ́ọ̀tì àpapọ̀ tó lè fún wọn: ìlànà 802.3af ń fún ojú kọ̀ọ̀kan ní 15.4 wọ́ọ̀tì, 802.3at ń fún un ní 30, àmọ́ àpapọ̀ tí switch lè gbé kì í sábà tó iye yẹn lọ́nà iye ojú rẹ̀.

Ẹ rántí tẹ bọ́tìnì ìfipamọ́. Ohun tí ẹ bá yí padà á ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n bí iná bá lọ kí ẹ tó fi pamọ́, ó ti lọ nìyẹn. Ó tún jẹ́ kí a gbé gbogbo ètò náà sínú fáìlì kan. Mo fi tèmi sínú àpótí fáìlì àti sórí ẹ̀rọ mìíràn.

Bí kọ̀ǹpútà mélòó kan péré bá wà nínú yàrá yín, tí wáyà yín sì kúrú tí ẹ lè rí ìkángun méjèèjì láti ibi tẹ́ ẹ jókòó sí, ẹ ra èyí tí kò ní ìṣàkóso, á tó yín. Àmọ́ bí wáyà yín bá wọnú ògiri, tó gba òkè àjà, tó wọ abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, mo gba yín níyànjú kí ẹ san owó lé e lórí. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí dáadáa kí ẹ tó sanwó, torí kì í ṣe gbogbo smart switch ló ní àyẹ̀wò wáyà.