Álíbọ́ọ̀mù tí mo ń kó owó àtijọ́ sí: ẹ kọ́kọ́ gbóòórùn ike rẹ̀

Abẹ́ aṣọ òkè ìyá mi, nínú àpótí, láàárín kàfúrà, ni mo ti bá owó wọ̀nyẹn: náírà ẹyọ kan mẹ́tàdínlógún, àádọ́ta kọ́bọ̀ mẹ́rin, Múrí (ogún náírà) mẹ́fà, àti náírà márùn-ún oríṣi méjì. Mo ní kí ló dé tí wọn ò ná wọn. Wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, nígbà tí mo fi máa rántí wọn, ọjà ò gbà wọ́n mọ́." Ni wọ́n bá mú àádọ́ta kọ́bọ̀ kan, wọ́n ní, "Ṣílè márùn-ún rèé." Láti Oṣù Kìíní 1973 ni pọ́n-ùn kan ti di náírà méjì, tí ṣílè mẹ́wàá di náírà kan, ìyá mi ò tíì gbà pé kọ́bọ̀ dé.

Álíbọ́ọ̀mù fọ́tò ni mo kọ́kọ́ kó wọn sí. Ẹ má dán an wò. Ike PVC ni, ó ń rùn bíi bàtà tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ látinú páálí. Nígbà tí ooru mú un fún oṣù mélòó kan, epo tí wọ́n fi mú ike náà rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, gbogbo rẹ̀ ń lẹ̀. Mo fẹ́ yọ Múrí kan báyìí, ó ti mọ́ ọn lára pinpin, etí rẹ̀ kan kù sára ike. Múrí! Owó tí wọ́n gbé jáde ní 11 Oṣù Kejì 1977, ọdún kan lẹ́yìn tí wọ́n pa Murtala, òun ni owó wa tó kọ́kọ́ ní àwòrán ọmọ Nàìjíríà tó lórúkọ lójú. N ò jẹun alẹ́ lọ́jọ́ náà.

Èyí tí mo ń lò báyìí dúdú, ẹ̀yìn rẹ̀ le, irin mẹ́rin ló di àwọn abala rẹ̀ mú. Abala ogún ló bá a wá, àpò mẹ́ta lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n kọ ọ́ sí i lẹ́yìn pé polypropylene, irú ike mìíràn, ni, kò sí PVC níbẹ̀. Mo sún imú mọ́ ọn, kò rùn rárá. Ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún náírà ni mo rà á, láti kó owó ìyá mi tí gbogbo rẹ̀ kò pé igba náírà sí. Ẹ rẹ́rìn-ín, mo gbà.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni pé àpò rẹ̀ mọ́ gaara níwá lẹ́yìn. Mo fi náírà márùn-ún méjèèjì sí ojú kan náà: Balewa lókè, Balewa nísàlẹ̀. Ti òkè jẹ́ aláwọ̀ ewé, ti 1979 nìyẹn. Ti ìsàlẹ̀ jẹ́ àlùkò. Ẹ yí abala náà padà, àwọn onílù Nkpokiti wà lẹ́yìn méjèèjì. Ojú kan náà, àwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ní Oṣù Kẹrin 1984 ni ìjọba ológun Buhari pa àwọ̀ gbogbo owó bébà dà, àfi àádọ́ta kọ́bọ̀, kí náírà tí wọ́n ti kó gba ẹnubodè jáde lè di òfìfo lọ́wọ́ àwọn tó kó o. Ìyá mi ń ta èlùbọ́ nígbà náà. Àlùkò ni èyí tí wọ́n tò gbà ní báǹkì. Ewé ni èyí tó sá pamọ́ sábẹ́ aṣọ tí kò dé báǹkì. Nígbà tí èmi náà tò láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀ lọ́dún 2023, tí mo délé pẹ̀lú ẹgbẹ̀rún méjì, wọ́n kàn wò mí: "Ìwọ náà ti rí tìẹ."

Àléébù rẹ̀ ò pọ̀, àmọ́ ó ń bí mi nínú. Àpò yẹn bá owó ńlá mu, àwọn tó gùn tó mílímítà 151. Wàsóbíà (àádọ́ta náírà) ti 1991 jókòó síbẹ̀ bí ọba. Ṣùgbọ́n Wàsóbíà kékeré tó jáde ní 2007 kò ju 130 lọ, gbogbo ìgbà tí mo bá ṣí i ló ń rọ́ sí igun kan. Páálí funfun tí kò ní ásíìdì ni mo gé tì í lẹ́yìn. Irin rẹ̀ náà ò dì dáadáa. Bí ẹ bá ṣí i ju bó ṣe yẹ lọ, abala á yọ. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan yín pé kí ẹ lọ owó tó ti rún kó lè nà, tàbí kí ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ èyí tó ya. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á kàn fọwọ́ pa á ni, á dá a padà fún yín.

Abala tó kẹ́yìn ni mo yà sọ́tọ̀ fún ti 1959, àwọn mẹ́rin tí báǹkì àpapọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ ní 1 Oṣù Keje: ṣílè márùn-ún, ṣílè mẹ́wàá, pọ́n-ùn kan, pọ́n-ùn márùn-ún. Ṣílè márùn-ún nìkan ló wà lọ́wọ́ mi. Mo sọ iye tí wọ́n pe pọ́n-ùn márùn-ún fún ìyá mi. Wọ́n ṣí ìgò kàfúrà wọn, wọ́n pa á dé.

"Owó lo fẹ́ fi ra owó?"